Àwo Tí Ọlágòkè Wà Dé Tẹ̀dé

Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ọ̀nà, lábẹ́ igi emi. Ó di ojú méjèèjì pa, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àwo irin roboto kan mú síwájú àyà, ó sì ń fi ẹnu dún "fùùù, fùùù" bí ọkọ̀ tó ń gun òkè. Bó bá yí àwo náà sí ọ̀tún, gbogbo ara rẹ̀ a tẹ̀ sí ọ̀tún. Bó bá yí i sí òsì, a tẹ̀ sí òsì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ gbìì bí ẹni tó ń pa ejò.

Mọ́ládé pa alùpùpù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù kékeré tó wà ní Tẹ̀dé, òun ló sì máa ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà Ṣakí. Oríṣiríṣi ló ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó ti rí ọmọ tí gìrì gbé, ó ti rí àgbẹ̀ tí paramọ́lẹ̀ bù jẹ, ṣùgbọ́n kò tíì rí arẹwà ọkùnrin tí orí rẹ̀ dàrú. Arẹwà ni o, kí a má purọ́. Ó ga, ó dúdú, eyín rẹ̀ sì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

"Ẹ káàsán o," ni Mọ́ládé wí láti òkèèrè. "Ṣé ara yín le?"

Ọkùnrin náà la ojú kan. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn. Àárín títì lẹ wà. Díẹ̀ ló kù kí n kọlù yín."

Mọ́ládé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo àwo, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò mọ ìdí tó fi sún. "Ọkọ̀ wo lẹ fẹ́ fi kọlù mí?"

"Pijó ni." Ó fi ìka gbá àwo náà lára. "Bíréèkì rẹ̀ dáa, ẹ má bẹ̀rù."

"Kí lorúkọ yín? Ibo ni ilé yín? Ta lẹ bá wá síbí?"

Ọkùnrin náà wá la ojú méjèèjì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wèrè lẹ̀ ń bi mí yẹn."

"Ẹ dáhùn, kí n lè mọ ibi tí mo máa kọ yín sí."

Bó ṣe mọ̀ pé Ọlágòkè Ògúndèjì lorúkọ rẹ̀ nìyẹn, pé mẹkáníìkì ni ní Ìsẹ́yìn, àti pé orí rẹ̀ pé. Ìdíje ọkọ̀ sísá láti Ṣakí sí Tẹ̀dé ló ń múra sílẹ̀ fún. Ní ọdún tó ṣáájú, tí wọ́n kọ́kọ́ sá a, àwọn awakọ̀ ti fi ìdánrawò da ìlú rú. Wọ́n gun orí èlùbọ́ tí àwọn ìyá sá sórí àpáta, wọ́n pa màlúù Fúlàní, àwọn ará abúlé sì fi igi dí ọ̀nà. Ni ìgbìmọ̀ ìdíje bá ṣòfin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ìdánwò lójú ọ̀nà náà, awakọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sì wà á. Lẹ́yìn ìyẹn, awakọ̀ kankan tó ń bá wọn díje kò gbọdọ̀ fi ohun tó ní ẹ́ńjìnì gba ibẹ̀ títí di ọjọ́ eré.

"Festus lọ̀gá wa, òun ló ṣe ìdánwò tiwa," ni Ọlágòkè wí. "Èmi ni àfidípò. Sípíà ni wọ́n ń pè mí. Ẹ wá rò ó wò, nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí n múra de ọjọ́ tí wọ́n lè pè mí, wọ́n sì gba ọ̀nà lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá pè mí, ọjọ́ tí mo bá kọ́kọ́ wa ibẹ̀ náà ni ọjọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀mí sá a."

"Ìyẹn lẹ fi ń wa àwo?"

"Òfin ní kí n má wa ọkọ̀. Kò mẹ́nu ba àwo. Mo ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà, mo ń há a sórí, tí mo bá dé kọ́nà tó le, màá jókòó, màá wà á." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bò ó. Bí ìgbìmọ̀ bá gbọ́, wọ́n á fi ẹsẹ̀ àti àwo kún òfin wọn."

Mọ́ládé tún alùpùpù rẹ̀ tẹ̀, ó gbéra. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn. "Ọ̀gbẹ́ni Sípíà! Kọ́nà tí ẹ yà lẹ́ẹ̀kan yẹn, inú odò lẹ wà báyìí. Ẹ̀yìn òkúta funfun lèèyàn ń yà níbí, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀, mo ti ṣubú síbẹ̀ rí."

Ó lọ. Ọlágòkè sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, kò mọ̀ pé ẹnu òun là sílẹ̀.

Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn, ọ̀sẹ̀ kejì ni Mọ́ládé tún bá a lábẹ́ igi kan náà, ó sì dá mi lójú pé kì í ṣe èèṣì. Ọmọbìnrin tó jẹ́ pé ọ̀nà àbùjá ló máa ń gbà tẹ́lẹ̀ wá dẹni tó ń gba ọ̀nà títì lójoojúmọ́. Ó ní àbùjá ti lẹ́gùn-ún jù.

Òun ló wá ń pe ọ̀nà fún un. Á jókòó sórí alùpùpù tó ti pa, á fi ẹnu ka ọ̀nà náà láti Ṣakí wá bí ẹni ń ka oríkì. "Gbọọrọ síwájú. Igi igbá méjì lọ́tùn-ún. Sọ jíà kalẹ̀. Òkúta funfun lósì. Má tíì yà o. Má tíì yà. Ó di ẹ̀yìn rẹ. Yà báyìí!" Ọlágòkè á di ojú, á yí àwo. Bó bá yà kí wọ́n tó ní kó yà, Mọ́ládé á pàtẹ́wọ́. "O ti kú. Padà sí Ṣakí." Á sì bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì tó ń pa èèyàn," ni Ọlágòkè á wí.

"Ọ̀gá mi, ẹ wakọ̀ yín, ẹ yéé wojú nọ́ọ̀sì."

"Mo di ojú mi. Báwo ni mo ṣe ń wò ọ́?"

"Ìwọ náà mọ bí o ṣe ń wò mí."

Lọ́jọ́ kan, Mọ́ládé bi í ní ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn rẹ̀. "Gòkè, bí ohunkóhun ò bá ṣe Festus ńkọ́? Bí wọn ò bá pè ọ́ rárá?"

Ọlágòkè gbé àwo sílẹ̀. "Nígbà náà, mo ti fẹsẹ̀ kọ́ ọ̀nà ilé rẹ. Ṣé asán nìyẹn?" Ó kọjú sí i. "Mọ́ládé, mo fẹ́ràn rẹ. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mi wá rí bàbá rẹ."

Mọ́ládé fi ọwọ́ bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó máa délé, ìyá rẹ̀ bi í léèrè ohun tó ṣe é tó fi ń bu iyọ̀ sínú tíì.

Bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ wa, a kì í fọmọ fọ́kọ láì wádìí. Wọ́n á wo ìdílé náà bóyá olè wà níbẹ̀, bóyá àrùn burúkú wà níbẹ̀, bóyá wèrè ń bẹ. Baba Ìyápọ̀, bàbá Mọ́ládé, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, rán àbúrò rẹ̀ Àdìgún lọ ṣe ìwádìí náà. Àdìgún yìí kan náà sì ni alága ìgbìmọ̀ ìdíje. Òun gan-an ló fi ẹnu ara rẹ̀ ṣòfin ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ní Ìsẹ́yìn, gbogbo ẹni tí Àdìgún bi ló yin ìdílé Ògúndèjì. Ahunṣọ òfì ni bàbá, ìyá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń padà bọ̀, ó yà ní Àgọ́-Àrẹ níbi tí ọmọkùnrin náà máa ń wọ̀ sí, ó bi àwọn obìnrin tó ń sá èlùbọ́ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

"Èyí tó ga, tó máa ń gbé àwo kiri?" ni wọ́n wí. "Áà, wèrè yẹn! Ó kúkú níwà. Kì í na èèyàn. Ọkọ̀ tí kò sí ló kàn máa ń wà kiri."

Àwọn darandaran ní àwọn rí i tó ń bá òkúta sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ kan ní ó sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó ń fi ẹnu fọn fèrè.

Inú pálọ̀ ni Baba Ìyápọ̀ ti pe ọmọ rẹ̀. Àdìgún jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mọ́ládé, wèrè dùn ún wò, kò ṣéé bí lọ́mọ. Kò sì ṣéé fẹ́ lọ́kọ. Ó ṣe tí o kò sọ fún wa?"

"Bàámi, kì í ṣe wèrè."

"Kí ló ń fi àwo ṣe lójú títì?"

Ìdáhùn wà létè rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, á sì tán. Ṣùgbọ́n ó wo Àdìgún tó gbé ẹsẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó tẹ́tí. Bó bá sọ ọ́, ó gba ọkọ, ó sì ba iṣẹ́ ọkọ jẹ́, nítorí kó tó di ọ̀la, alága á ti fi ẹsẹ̀ rírìn kún òfin. Bó bá dákẹ́, wèrè ni ọkùnrin náà máa jẹ́ nínú ilé yìí títí ayé. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàámi. N kò lè sọ."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì bàjẹ́, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ náà gan-an. "Obì àwọn Ògúndèjì kò gbọdọ̀ wọ ilé mi."

Nígbà tí Ọlágòkè gbọ́, ó gbé àwo rẹ̀ jù sínú igbó. "Màá lọ sọ fún wọn lónìí. Kí wọ́n fòfin de ẹsẹ̀ mi, kí wọ́n fòfin de orí mi. Sípíà lásán ni mí. Ìwọ ṣe pàtàkì ju eré lọ."

Mọ́ládé wọ igbó, ó mú àwo náà wá. Etí rẹ̀ kan ti tẹ̀. Ó fi ìdí ìró nù ún. "Gbọ́, olówó orí mi. Bí o bá fi eré yìí sílẹ̀ nítorí mi, ojoojúmọ́ la máa jọ máa rántí ẹ̀ nínú ilé wa. N kò fẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Máa da omi rẹ. Èmi á máa farada bàbá mi."

"O pè mí ní olówó orí rẹ."

"Mo ṣì í pè ni. Jókòó, a ti pa Ṣakí tì."

Ọ̀sẹ̀ tí eré máa wáyé gan-an, wọ́n gbé aláìsàn kan wá sí ọsibítù Mọ́ládé. Festus ni. Ó gun aká bàbá rẹ̀ láti kó ọkà bàbà sílẹ̀, àkàbà yẹ̀, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Mọ́ládé fi igi pẹlẹbẹ tì í, ó sì dì í.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé màá lè wakọ̀ ní Sátidé?"

Àánú rẹ̀ ṣe é, ayọ̀ sì mú un lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ayọ̀ náà sì tì í. "Kò lè ṣeé ṣe, bọ̀dá Festus. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ó parí fún wa nìyẹn," ni Festus wí. "Ọmọ yẹn mọ ọkọ̀ wa ju èmi lọ, ṣùgbọ́n kò tíì fi táyà kan ọ̀nà náà."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bẹ Àdìgún pé kó jẹ́ kí àfidípò ṣe ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan péré. Àdìgún kọ̀. "Ọkọ̀ yín ti ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí n tẹ òfin fún un, kó kọ́kọ́ lọ bi àwọn tí èlùbọ́ wọn bàjẹ́." Òtítọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó rí i jà níyàn.

Lọ́jọ́ Sátidé, abẹ́ igi emi ni wọ́n fi àwọn nọ́ọ̀sì sí, nítorí kọ́nà náà ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù. Ọ̀nà á ṣẹ́rí yí òkúta funfun ká, á sì já wálẹ̀ sórí afárá tóóró. Àwọn ará ìlú tò sórí àpáta. Baba Ìyápọ̀ jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un, Àdìgún di àsíá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti Ṣakí, ìṣẹ́jú mélòó kan ló máa ń wà láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì, ẹni tí àkókò rẹ̀ bá kéré jù ló gbégbá orókè.

Ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́ kọjá dáadáa. Ẹ̀yìn wọn ni agbo màlúù kan já lọ́wọ́ àwọn darandaran, tí wọ́n sáré gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọjá. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Eruku pupa gbéra, ó bo òkúta, ó bo kọ́nà, ó bo afárá. Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e dé, kò rí ọ̀nà, ó wọ́ bí ìgbín kọjá. Èyí tó tún tẹ̀ lé e kò fẹ́ wọ́, ó já wọ oko ọkà. Mọ́ládé sáré lọ, awakọ̀ náà ń mí, iwájú orí rẹ̀ nìkan ló bó. Nígbà tó padà, eruku tí ọkọ̀ náà gbé dìde tún ti nípọn sí i.

Nígbà náà ló gbọ́ Pijó náà. Ó mọ ohùn rẹ̀. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè, kò dínkù.

"Ẹ ju àsíá, ẹ dá a dúró!" ni ẹnìkan kígbe. "Kò lè ríran! Sípíà ni, kò tíì wà á rí!"

Mọ́ládé di ojú méjèèjì pa, bí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ lábẹ́ igi náà ṣe máa ń di tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ sì là fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ jáde ketekete.

"Gbọọrọ síwájú. Igi igbá méjì lọ́tùn-ún. Sọ jíà kalẹ̀."

Jíà sọ̀ kalẹ̀ nínú eruku. Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Baba Ìyápọ̀ yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Òkúta funfun lósì. Má tíì yà o. Má tíì yà, Gòkè. Ó di ẹ̀yìn rẹ." Ọwọ́ bàbá ti di apá àga mú. "Yà báyìí!"

Táyà han goooro. Pijó náà yọ nínú eruku láti ẹ̀yìn òkúta, ó tọ́ gbọnrangandan sórí afárá, ó kọjá, ó gbọ̀nà Tẹ̀dé lọ. Gbogbo orí àpáta hó yèè. Àwọn obìnrin ń ju gèlè sókè.

Mọ́ládé la ojú. Omijé ti la ọ̀nà méjì sínú eruku ojú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀.

"Mọ́ládé. Ta ló kọ́ ọkọ̀ yẹn ní ọ̀rọ̀ rẹ?"

Ó kúnlẹ̀. "Àwo tí wọ́n sọ fún yín nìyẹn, bàámi. Ibí yìí ló ti ń wà á. Èmi ni mò ń pe ọ̀nà fún un."

Bàbá wo igi emi, ó wo àpótí tó ṣì wà nídìí rẹ̀, ó wá gbé ọmọ rẹ̀ dìde.

Kò sí ẹni tí àkókò rẹ̀ kéré tó ti Ọlágòkè lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbé ife fún un tí àwọn tó fìdí rẹmi fi dìde. Wọ́n ní ó ti lo ọ̀nà ju ìwọ̀n tí òfin fi sílẹ̀ lọ, pé ó ń fẹsẹ̀ rìn ín. Ojú Àdìgún le koko. Kó tó sọ̀rọ̀, obìnrin kan láti Àgọ́-Àrẹ, Àsíátù, ta jáde láàárín èrò.

"Alága, ta ló ba èlùbọ́ ta jẹ́? Ọmọ yìí? Ó tiẹ̀ bá mi kó tèmi wọlé nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn mí! Èmi náà wà lára àwọn tó ní wèrè ni. Kí Ọlọ́run foríjì mí."

Àdìgún tún fìlà ṣe. "Èlùbọ́ àti màlúù ni mo torí wọn ṣòfin. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn kò ba èlùbọ́ jẹ́, kò pa màlúù. Ọmọ yìí kò rú òfin mi. Òfin mi ló kù díẹ̀ káàtó: mo ní kí èèyàn wá jagun, mo sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Láti ọdún tó ń bọ̀, àfidípò náà yóò ní ìdánwò tirẹ̀." Ó gbé ife lé Ọlágòkè lọ́wọ́, ariwo sì sọ.

Inú kì í dùn ká pa á mọ́ra. Kò pẹ́ rárá tí àwọn Ògúndèjì fi kún pálọ̀ Baba Ìyápọ̀ nínú òfì tí bàbá Ọlágòkè fúnra rẹ̀ hun. Obì, orógbó, ataare àti oyin wà nínú àwo irin kan tí etí rẹ̀ tẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi wá. Baba Ìyápọ̀ fajú ro.

"Mo gbọ́ pé wèrè kan wà nínú ìdílé yín."

Òógùn bo ojú àwọn àlejò.

"Ẹ jẹ́ kó bọ́ síwájú."

Ọlágòkè wá síwájú. Bàbá kó obì kúrò nínú àwo, ó nù ún, ó gbé e lé ọmọkùnrin náà lọ́wọ́, ó sì ti àpótí sídìí rẹ̀. Ẹ̀rín ti ń yọ ní igun ẹnu rẹ̀. "Wọ́n ti ròyìn rẹ fún mi títí. Wà á, kí èmi náà fojú ara mi rí i."

Ọlágòkè jókòó, ó di ojú, ó di àwo mú. "Bàbá, ẹni tó ń pe ọ̀nà kò sí níbí."

Wọ́n ṣí aṣọ ìkélé. Mọ́ládé jáde wá nínú ìró àti bùbá, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀, láti Ṣakí. Igi igbá méjì. Òkúta funfun. Ọlágòkè ń tẹ̀, ó ń yí, ẹnu rẹ̀ ń dún "fùùù," àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n kọjá afárá. Wọ́n wọ Tẹ̀dé.

"Ṣọ́ọ̀ṣì lósì," ni Mọ́ládé wí. "Yà sọ́tùn-ún. Ilé onílẹ̀kùn búlúù. Rọra. Tẹ bíréèkì."

Ọlágòkè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Lajú, olówó orí mi. O ti délé."